Ṣakabùlà: Ìbọn Tí A Rà àti Ìbọn Tí A Rọ

Ẹni tí ó bá gbéra ní Kétu, tí ó gba Ìkòsí kọjá dé Máìlì 12, tí ó sì tẹ̀ síwájú lójú ọ̀nà Ìkòròdú, yóò kan ọjà Owódé Onírin. Irin ni ọjà náà fi jẹ orúkọ tí ó ń jẹ́. Kò jìnnà sí agbègbè yìí ni odò Ògùn ti ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ Agboyì lọ bọ́ sínú ọ̀sà Èkó. Lónìí, ata, tòmátì, àlùbọ́sà àti iṣu ni orúkọ Máìlì 12 ń mú wá sí ọkàn ẹni. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ọjà mìíràn ni ọkọ̀ ojú omi ń kó kọjá níhìn-ín. Epo pupa àti ẹ̀kùrọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sí Èkó. Aṣọ, iyọ̀, ọtí, ẹtù àti ìbọn sì ń gòkè odò lọ sí Abẹ́òkúta.

Orí ìbọn yìí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé: ìbọn gígùn ẹlẹ́nu kan tí a ń pè ní ṣakabùlà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń múra ìdánwò sáàbà máa ń kọ ọ́ pé òyìnbó ni ó kó ìbọn dé, ìbọn sì ni ó mú kí ogun ilẹ̀ Yorùbá le. Kò sí irọ́ nínú èyí, ṣùgbọ́n kò tó. Ta ni ó ṣe ìbọn náà? Irú iyì wo ni ó ní lójú ẹni tí ó rà á? Kí ni ó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ń rà nígbà tí ẹni tí ń tà pinnu pé òun kò tà mọ́? Bí a bá dáhùn àwọn ìbéèrè mẹ́ta yìí, a ó rí i pé ìtàn ṣakabùlà jẹ́ ìtàn ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tí ó yá a lò.

ORÚKỌ TÍ Ó Ń TANNI JẸ

Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń pe ìbọn yìí ní ìbọn àwọn ará Denmark. Ohun tí a sábà máa ń sọ nípa orúkọ náà ni pé àwọn oníṣòwò Denmark wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ kó irú rẹ̀ wá sí etíkun. Wọ́n ní ilé odi ńlá kan ní Osu, ní Accra, tí wọ́n ń pè ní Christiansborg, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣòwò títí di ọdún 1850 tí wọ́n fi tà á fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Denmark lọ, orúkọ wọn kò lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìbọn tí ń gúnlẹ̀ sí etíkun wa ti ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ìbọn náà ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí pé ìṣe rẹ̀ ni ó sọ irú ogun tí a fi jà. Ẹnu ni a ti ń ki í: a ó da ẹtù sí i, a ó fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, a ó sì ki ọta tẹ̀lé e. Akọ òkúta kan wà lórí apátí rẹ̀. Bí a bá fà á, òkúta náà á lu irin, iná á ṣẹ́ sára ẹtù, ìbọn á sì dún. Bí òjò bá pa ẹtù, kò ní dún. Bí òkúta bá gbó, kò ní ṣáná. Kódà, òkúta kékeré yìí pàápàá jẹ́ ọjà òkèèrè: ìlú Brandon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lókìkí fún gbígbẹ́ òkúta ìbọn, wọ́n sì ń kó o ránṣẹ́ sí Áfíríkà títí wọ inú ọ̀rúndún ogún, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Yúróòpù ti pa irú ìbọn bẹ́ẹ̀ tì tipẹ́tipẹ́.

ÀWỌN TÍ Ń ṢE É

Kò sí ẹnì kan tí ó ń dá ìbọn ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní Birmingham. Ẹnì kan ń rọ ọ̀pá rẹ̀, ẹlòmíràn ń ṣe apátí, ẹlòmíràn ń gbẹ́ igi ìdí rẹ̀, ẹlòmíràn sì ń tò wọ́n pọ̀. Oníṣòwò ńlá ni ó ń gba gbogbo rẹ̀ jọ láti tà. Lára irú àwọn oníṣòwò bẹ́ẹ̀, ilé iṣẹ́ Farmer àti Galton wà lára àwọn tí orúkọ wọn dún jù ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Wọ́n ń ṣe ìbọn fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń ṣe é fún àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi tí ń lọ ra ẹrú ní etíkun Áfíríkà. Lára àwọn ìwé ìṣòwò wọn ṣì wà ní ìpamọ́ ní Birmingham títí di òní.

Ìdílé Galton jẹ́ ọmọ ìjọ Quaker. Ìjọ yìí kórìíra ogun, ó sì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dìde lòdì sí òwò ẹrú. Èyí ni ó fà á tí ìjọ náà fi pe Samuel Galton kékeré, tí a bí ní 1753, láti wá sọ ti ẹnu rẹ̀ lórí iṣẹ́ ìbọn tí ó ń ṣe. Galton kọ̀wé láti gbèjà ara rẹ̀. Ó ní òun jogún iṣẹ́ náà ni, àti pé ẹni tí ń ṣe ohun ìjà kọ́ ni ó ń dá ogun sílẹ̀. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ kò gba àwáwí yìí. Ní 1796 wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé ìjọ. Nígbà tí ó yá, ìdílé náà fi iṣẹ́ ìbọn sílẹ̀, wọ́n sì di onílé ìfowópamọ́. Ó yẹ kí olùkọ́ sọ ìtàn yìí fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé ó fi hàn pé àríyànjiyàn lórí ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ń ṣe ìbọn kì í ṣe ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lóde òní. Àwọn tí ó wà nítòsí agbẹ̀dẹ náà ti bi ara wọn ní ìbéèrè yìí nígbà tí àwọn ènìyàn wa ṣì wà nínú ìdè.

Báwo ni ìbọn náà ti pọ̀ tó? J. E. Inikori, onítàn ọmọ Nàìjíríà, ṣe ìṣirò kan tí ó tẹ̀ jáde ní 1977. Ó fojú bù ú pé láàárín 1750 sí 1807, ìbọn tí ń wọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ́dọọdún wà láàárín 283,000 sí 394,000. Àwọn onítàn mìíràn ti jiyàn lórí iye yìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó sẹ́ pé ó pọ̀, kò sì sí ẹni tí ó sẹ́ pé ènìyàn wà lára ohun tí a fi san owó rẹ̀.

IYÌ ÌBỌN LÓJÚ ẸNI TÍ Ó RÀ Á

Ọ̀ràn tí ó jẹ ẹni tí ń ra ìbọn lógún jù ni pé kí ọ̀pá rẹ̀ má bẹ́. Ìbọn tí ó bá bẹ́ á gé ìka, á fọ́ ojú, á sì pa ẹni tí ó yìn ín. Àwọn ará Yúróòpù mọ èyí, nítorí náà ni wọ́n ṣe ní ilé ìdánwò ìbọn. Níbẹ̀ ni wọn ó ti ki ẹtù tí ó ju ti ojoojúmọ́ lọ sínú ọ̀pá, wọn ó yìn ín; èyí tí kò bá bẹ́ ni wọn ó lu òǹtẹ̀ lé. Ìjọba Liège ti dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní 1672. Ẹgbẹ́ àwọn oníbọn ní Lọ́ńdọ̀nù ti ní ìwé àṣẹ ọba láti 1637. Ní Birmingham, tí ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù lára ìbọn tí Gẹ̀ẹ́sì ń kó wá fún wa, ọdún 1813 ni òfin ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ilé ìdánwò sílẹ̀ níbẹ̀, tí ó sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ta ọ̀pá ìbọn tí a kò dán wò.

Ẹ ṣe ìṣirò náà. Nígbà tí òfin yìí dé, òwò ẹrú lábẹ́ àsíá Gẹ̀ẹ́sì ti di èèwọ̀ láti 1807. A jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ìbọn Birmingham tí a fi ènìyàn rà ni ó ti dé kí òfin tó pàṣẹ pé kí a dán gbogbo rẹ̀ wò. Ìbọn olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń ṣe fún etíkun wa kò ní orúkọ rere, kódà lẹ́nu àwọn òyìnbó pàápàá. Síbẹ̀, kò yẹ kí a rò pé òpè ni àwọn tí ń rà á. Nígbà tí ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Kápútéènì Jones, lọ wo àwọn ọmọ ogun Ẹ̀gbá ní 1861, nígbà ogun Ìjàyè, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kì í gbé ìdí ìbọn lé èjìká kí wọ́n tó yìn ín. Ó rí i gẹ́gẹ́ bí àìmọ̀-ọ́n-lò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ irú ìbọn tí ó wà lọ́wọ́ wọn lè rò ó lọ́nà mìíràn: kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò gbé ohun tí ó lè bẹ́ sún mọ́ ojú rẹ̀.

BÍ ÌBỌN ṢE YÍ OGUN PADÀ

Ọfà, ọ̀kọ̀, idà àti ẹṣin ni agbára Ọ̀yọ́ àtijọ́. Nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, Samuel Johnson sọ pé nígbà ogun Òwu, ní nǹkan bí 1820 sí 1825, ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn Ìjẹ̀bú nítorí pé wọ́n súnmọ́ etíkun, nígbà tí ó jẹ́ pé idà ni àwọn Òwu gbójú lé. Láti ìgbà náà ni ẹni tí ó bá wà nítòsí òkun, tàbí tí ọ̀nà òkun bá là fún, ti ń borí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1851, ìbọn àti ẹtù tí ó ti Bàdágìrì gòkè wà lára ohun tí àwọn Ẹ̀gbá fi lé Dàhọ̀mì padà lẹ́yìn odi Abẹ́òkúta.

Ohun tí a fi ìbọn gbà, ìbọn lè gbà á padà lọ́wọ́ ẹni. Ní oṣù Kẹta 1865, àwọn Ẹ̀gbá kan náà do ti Ìkòròdú nítorí ọ̀rọ̀ ọ̀nà ìṣòwò tí ó lọ sí Èkó. Glover, tí ń ṣàkóso Èkó, kó ọmọ ogun kọjá ọ̀sà lọ bá wọn pẹ̀lú ìbọn tí ó dára ju tiwọn àti ọta oníná tí ń fò. Wẹ́rẹ́ báyìí ni ogun Ẹ̀gbá tú ká. Ogun yẹn ni ó súnmọ́ agbègbè Kétu àti Ìkòsí jù nínú gbogbo èyí tí a dárúkọ, ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì hàn gbangba: ẹni tí ó tà ìbọn fún ọ ní àná mọ bí tìrẹ ṣe lè jìnnà tó, ó sì ti fi èyí tí ó dára jù pamọ́ sílé.

Ẹ̀rí tí ó tóbi jù ni ti ogun Kíríjì, tí àwọn Èkìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà. Kí ogun náà tó gbóná, ní 1877, Ààrẹ Látòósà rán àwọn ènìyàn lọ sí Pọ́tónóò láti ra ìbọn àti ẹtù, àwọn Ẹ̀gbá sì dá wọn lọ́nà. Èyí wà lára ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá. Àwọn Ìjẹ̀bú náà di ọ̀nà tiwọn. Ìbàdàn, tí ó lágbára jù ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, wá di ẹni tí ń wá ẹtù kiri.

Àwọn Èkìtìparapọ̀ ní ọ̀nà tiwọn. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ oníṣòwò tí ó ti oko ẹrú dé, dá owó jọ. Wọ́n ra ìbọn Snider, wọ́n sì fi ọ̀nà Oǹdó, tí Glover là ní 1872, kó o ránṣẹ́. Ìdí ni a ti ń ki ìbọn Snider, kì í ṣe ẹnu, ọta àti ẹtù rẹ̀ sì wà pọ̀ nínú àpò kan. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ó ní nǹkan bí 1866. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n lò lè yìn ín tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú kan tí oníṣakabùlà yóò fi yìn tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìró ìbọn lórí òkè wọ̀nyẹn ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kíríjì. Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí àti Ògèdèǹgbé Iléṣà jẹ́ akọni, akin ni Látòósà náà, ẹni tí ó kú sí ibùdó ní 1885. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ka àwọn oníṣòwò Èkó náà mọ́ àwọn jagunjagun. Láìsí owó wọn, ogun náà ìbá má rí bí ó ṣe rí. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, àwọn ibùdó sì tú ká ní 1893.

NÍGBÀ TÍ ẸNI TÍ Ń TÀ KÒ TÀ MỌ́

Ní oṣù Keje 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù àti àwọn mìíràn parí ìpàdé kan ní Brussels. Wọ́n ní òwò ẹrú ni àwọn fẹ́ pa rẹ́ ní Áfíríkà. Lára ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé kí a má kó ìbọn ìgbàlódé wọ ilẹ̀ tí ó wà láàárín ìlà 20 ní àríwá àti ìlà 22 ní gúúsù. Ìbọn olókùúta, tí ọ̀pá rẹ̀ ń dán nínú láìní ìlà, ni wọ́n yọ̀ǹda. Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá wà láàárín ìlà méjèèjì, kò sì sí Yorùbá kankan ní ìpàdé náà.

Kò tó ọdún méjì lẹ́yìn náà tí ìyàtọ̀ fi hàn. Ní ọjọ́ 19 oṣù Karùn-ún 1892, ní Ìmàgbọ̀n, àwọn Ìjẹ̀bú pàdé ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott kó gba Ẹ̀pẹ́ wọlé. Àwọn Ìjẹ̀bú pọ̀ níye, wọ́n gbóyà, ìbọn sì wà lọ́wọ́ wọn. Ìbọn Maxim, tí ń da ọta bí òjò láìdúró, ni ó wà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ó ti fi ìbọn borí Òwu ní àádọ́rin ọdún ṣáájú wá rí ohun tí ojú Òwu rí.

ALÁGBẸ̀DẸ ILÉ

Ó kù kí a sọ̀rọ̀ àwọn tí ìwé ìtàn kì í sábà dárúkọ. Láti ìgbà tí ìbọn ti dé ni ó ti ń dé ọwọ́ alágbẹ̀dẹ. Apátí tí ó ṣẹ́, igi ìdí tí ikán jẹ, ọ̀pá tí ó dípẹtà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo wọn ń bọ̀. Òun ni ó ń rọ ọta irin tí wọ́n ń yìn. Ẹni tí ó bá tú nǹkan palẹ̀ tí ó tún un tò nígbà púpọ̀ yóò mọ bí a ṣe ń ṣe é, nítorí náà ni àwọn alágbẹ̀dẹ wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí rọ ìbọn tiwọn, èyí tí a ń pè ní àgbélẹ̀rọ. Àwọn àgbà ní alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Iyì àgbélẹ̀rọ yàtọ̀ sí iyì ìbọn Birmingham. Òǹtẹ̀ ilé ìdánwò ni ẹ̀rí ìbọn òkèèrè, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rà á ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ìkòròdú kò mọ ẹni tí ó lu òǹtẹ̀ náà, kò sì lè bá a wíjọ́. Ọ̀rọ̀ alágbẹ̀dẹ ni ẹ̀rí àgbélẹ̀rọ. Ọdẹ mọ ilé rẹ̀, ó mọ baba rẹ̀, àwọn méjèèjì ni ó sì ń bọ Ògún. Bí ọ̀pá bá bẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́, kò sí ibi tí alágbẹ̀dẹ yóò sá sí. Ohun tí àwọn ará Birmingham fi òfin ṣe ní 1813, ojú tí ń ti ẹni sí ará ìlú rẹ̀ ni ó ń ṣe é fún wa.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí a fi ìfẹ́ ilé bo òótọ́ mọ́lẹ̀. Ojú kì í ti ẹni sí àlejò tí ń ra ìbọn lóru. Nígbà tí ìbọn bọ́ kúrò lọ́wọ́ ọdẹ, tí ó di ohun èlò olè àti ti jàǹdùkú, ẹ̀rí àtijọ́ náà bọ́ dànù. Òfin Ìbọn ti 1959 fi ṣakabùlà sí ìpín tirẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí ẹni tí ó bá ní i gba ìwé àṣẹ. Ṣíṣe ìbọn láìgba àṣẹ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà náà fọwọ́ sí àdéhùn kan ní Àbújá ní 2006 láti kápá ìbọn kéékèèké. Nígbà tí àwọn ìjọba Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní ọdún 2020, ṣakabùlà tún fara hàn ní gbangba lọ́wọ́ àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ ìlú.

Ní ti orílẹ̀-èdè lápapọ̀, ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá ilé iṣẹ́ ohun ìjà tirẹ̀, DICON, sílẹ̀ ní 1964 ní Kàdúná, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Fritz Werner láti Jámánì. Ìbọn tí àwọn ará Ítálì àti Bẹ́ljíọ̀mù kọ́kọ́ hùmọ̀ wà lára ohun tí ó kọ́kọ́ ṣe, àwòkọ́ṣe ìbọn Rọ́ṣíà ni ó sì gbé jáde ní 2006 tí ó sọ ní OBJ-006. Ní 2023 a fi òfin tuntun rọ́pò ti 1964. Nàìjíríà ṣì ń ra èyí tí ó pọ̀ nínú ohun ìjà rẹ̀ láti òkèèrè.

ÌKÁDÌÍ

Kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹra fún àṣìṣe mẹ́ta. Èkínní ni kí ó rò pé Denmark ni gbogbo ṣakabùlà ti wá nítorí orúkọ rẹ̀. Èkejì ni kí ó kọ ọ́ pé àìgbóyà tàbí àìmọ̀ ni ó ṣẹ́gun àwọn baba wa, láìdárúkọ ìpàdé Brussels ti 1890. Ẹ̀kẹta ni kí ó gbàgbé alágbẹ̀dẹ.

Àwọn àgbà ní bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tí ó pa baba ẹni. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún, a fi ènìyàn, a fi epo ra idà, ṣùgbọ́n ọwọ́ Birmingham àti Liège ni èèkù rẹ̀ wà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tún gba ojú ọ̀nà Ìkòròdú kọjá, tí ó sì gbọ́ ìró òòlù lórí irin ní Owódé Onírin, kí ó dúró díẹ̀ kí ó gbọ́ ọ. Àwọn tí wọ́n mọ irin lù ti wà láàárín wa tipẹ́. Ohun tí ìtàn ń bi wá ni ẹni tí ó ń pàṣẹ ohun tí wọn ó fi irin náà rọ.